Kámẹ́rà àti Àwọn Ọmọ Wa: Láti Etí Òkun Clacton dé Peckham

  

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa ìtàn, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín yóò máa retí Odùduwà tàbí ogun Kírìjì. Àwọn tó mọ ìyẹn jù mí lọ pọ̀ nínú gbọ̀ngàn yìí. Ìtàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a ń gbé yìí ni mo fẹ́ sọ, nítorí òun ló ń bá àwọn ọmọ wa rìn lọ sí ilé ìwé láràárọ̀. Mo fẹ́ sọ bí fíìmù àti tẹlifíṣọ̀n ṣe ń ṣe é tí gbogbo ọ̀dọ́ fi ń jọ ọ̀daràn lójú ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni mo ń sọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní gúúsù Lọ́ńdọ̀n bí a ṣe ń ṣe fíìmù àti ìròyìn, mo sì ti rí ohun tí àwòrán ń ṣe sí wọn.

Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n ti da òwe yẹn rú mọ́ wa lọ́wọ́. Ìyá kan lè jókòó sí yàrá rẹ̀ kí ó wo ìròyìn aago mẹ́wàá alẹ́, kí ó ní ojú ara òun ni òun fi rí i. Kò rí i o. Ìròyìn ni wọ́n sọ fún un, wọ́n kàn wọ aṣọ àfojúbà fún un ni. Ẹnìkan ló yan ibi tí kámẹ́rà dúró sí. Ẹnìkan ló gé àwòrán náà tó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ òmíràn. Ẹnìkan ló fi ohùn orin sí abẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọ̀rọ̀ kò tíì kan àwa aláwọ̀ dúdú rárá. Ní àsìkò Àjíǹde ọdún 1964, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ láti Lọ́ńdọ̀n lọ ṣe fàájì ní Clacton, ìlú kékeré kan ní etí òkun ní Essex. Òtútù mú bí nǹkan míì, òjò ń rọ̀, kò sì sí nǹkan gidi tí èèyàn lè ṣe níbẹ̀. Àwọn kan nínú wọn ń gun sukúta, wọ́n múra dáadáa, wọ́n ń pè wọ́n ní Mods. Àwọn mìíràn ń gun alùpùpù ńlá, wọ́n wọ jákẹ́ẹ̀tì awọ, wọ́n ń pè wọ́n ní Rockers. Ọmọ aláwọ̀ funfun ni wọ́n, ọmọ àwọn òṣìṣẹ́. Wọ́n ti ara wọn síhìn-ín sọ́hùn-ún, wọ́n ju òkò, wọ́n fọ́ fèrèsé díẹ̀, àwọn ọlọ́pàá sì kó 97 nínú wọn. Ní ọjọ́ kejì, àwọn ìwé ìròyìn ńláńlá gbé e jáde bí ẹni pé ogun ti wọ̀lú.

Ọ̀mọ̀wé kan tí ń jẹ́ Stanley Cohen, ọmọ bíbí ilẹ̀ South Africa, fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì gbé ìwé rẹ̀ jáde ní 1972. Ọ̀kan wà nínú ohun tó rí tí n kì í yé sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Ìwé ìròyìn kan kọ ọ́ pé àwọn ọ̀dọ́ fọ́ fèrèsé gbogbo ilé ijó tó wà ní etí òkun ní ìlú kan. Ilé ijó kan ṣoṣo ló wà ní ìlú náà! Díẹ̀ nínú fèrèsé rẹ̀ ló sì fọ́. Ẹ wo ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, “gbogbo”. Òun ló sọ ilé kan di àdúgbò, tó sọ fèrèsé díẹ̀ di ìparun ìlú.

Ìwé ìròyìn mìíràn fún àwọn ọmọ náà ní orúkọ tó ti inú fíìmù jáde. Ní 1953 ni wọ́n ṣe The Wild One ní Amẹ́ríkà, Marlon Brando ló wà níwájú rẹ̀ lórí alùpùpù. Àjọ tí ń yẹ fíìmù wò ní ilẹ̀ yìí kọ̀ láti fọwọ́ sí i ní 1954, ó sì di 1967 kí wọ́n tó gbà kí ó jáde. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ní 1964, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn náà kò rí fíìmù yìí sójú. Orúkọ rẹ̀ lásán ti tó láti fi dẹ́rù bà wọ́n. Nígbà tí ìsinmi oṣù Karùn-ún fi dé, tí àwọn ọ̀dọ́ lọ sí Brighton àti Margate, àwọn oníròyìn ti wà níbẹ̀ tí wọ́n ń retí wọn, ọ̀pọ̀ èrò sì wá wòran. Àwọn ọmọ tí kò mọ̀ bóyá Mod ni àwọn tàbí Rocker ti kẹ́kọ̀ọ́ láti inú ìròyìn bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Àwọn Yorùbá tó ní orúkọ a máa ro ọmọ kò purọ́.

Ó yẹ kí n sọ bí kámẹ́rà ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti sábà máa ń ṣí etí wọn sílẹ̀ dáadáa. Ní nǹkan bí ọdún 1920, olùdarí fíìmù kan wà ní Rọ́ṣíà tó ń jẹ́ Lev Kuleshov. Ó mú àwòrán ojú òṣèré kan, ojú tí kò rẹ́rìn-ín tí kò sì bínú. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ àwòrán àwo ọbẹ̀. Ó tún lẹ̀ ẹ́ mọ́ àwòrán pósí. Ó tún lẹ̀ ẹ́ mọ́ ti obìnrin arẹwà kan. Àwọn tó wò ó yin òṣèré náà: wọ́n ní ebi hàn lójú rẹ̀ níbi ọbẹ̀, ìbànújẹ́ hàn níbi pósí, ìfẹ́ sì hàn níbi obìnrin. Ojú kan náà ni o! Ọkàn àwọn tó ń wò ó ló parí iṣẹ́ náà fún un.

Ẹ gbé ìyẹn wá sí ìròyìn alẹ́. Àwòrán kìíní: ọmọkùnrin kan dúró ní ibùdókọ̀. Àwòrán kejì: okùn ọlọ́pàá tí wọ́n fi dí ọ̀nà, òdòdó nílẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ pé ọmọ náà ṣe ohunkóhun. Kò sí ẹni tí a lè pè lẹ́jọ́. Síbẹ̀, ọmọ náà ti jẹ̀bi ní yàrá ìgbàlejò ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, ó sì lè jẹ́ bọ́ọ̀sì ilé ìwé ló ń dúró dè.

Kámẹ́rà tí wọ́n bá gbé sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tó ń wo òkè a máa sọ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá di ìrókò. Èyí tí wọ́n bá gbé kọ́ orí òpó a máa sọ ọ́ di ẹran tí ọdẹ ń dọdẹ. Lẹ́ǹsì gígùn tí ń yàwòrán láti ọ̀nà jíjìn a máa fún àwọn ènìyàn pọ̀, tí ọmọ mẹ́fà tó ń lọ jẹ ṣíìpì yóò fi jọ ọmọ ogun. Bí wọ́n bá sì jẹ́ kí àwòrán máa falẹ̀, ọwọ́ tó ń wọ àpò láti mú káàdì bọ́ọ̀sì yóò dà bí ọwọ́ tó ń wá ọ̀bẹ. Fi ohùn kan tó ń kùn lábẹ́lẹ̀ sí i, o ti parí.

Òmíràn wà tó máa ń dùn mí ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ. Láti 1933 ni òfin ilẹ̀ yìí ti ní kí ìwé ìròyìn má ṣe fi ọmọ tí a gbé lọ sí kóòtù àwọn ọ̀dọ́ hàn. Òfin rere ni. Ṣùgbọ́n nítorí wọn kò lè fi ojú hàn, ẹ̀yìn ni wọ́n ń fi hàn: ẹ̀yìn ọmọ, fìlà aṣọ rẹ̀ tó bo orí, ojú tí wọ́n ti pa rẹ́. Àwòrán ẹ̀yìn yìí ni wọ́n ń tọ́jú sí àpótí, tí wọ́n sì ń mú jáde nígbàkígbà tí ìròyìn bá kan ọ̀dọ́, ì báà jẹ́ ìròyìn ìdánwò, ì báà jẹ́ ti àìríṣẹ́ṣe. Ẹni tí kò ní ojú, ojú gbogbo ènìyàn ni a lè fi sí i.

Àwọ̀ tiwa náà ní ìtàn tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ilé iṣẹ́ Kodak ń fi káàdì kan ránṣẹ́ sí àwọn tí ń fọ fọ́tò, àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun kan ló wà lórí rẹ̀, kí wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n àwọ̀. Shirley ni wọ́n ń pè é. Bí awọ Shirley bá ti dára, iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ yín fi ní fọ́tò kíláàsì láyé àtijọ́ níbi tí àwọn ọmọ funfun ti mọ́ kedere, tí tiyín sì jẹ́ eyín àti ojú nìkan. Nígbà tí Kodak yóò fi tún fíìmù rẹ̀ ṣe kí ó lè gba àwọ̀ ilẹ̀, ara ohun tó ta wọ́n jí ni ẹ̀sùn àwọn tí ń ta ṣokoléètì àti àwọn tí ń ta àga onígi, pé ọjà àwọn kò hàn dáadáa nínú àwòrán. Ṣokoléètì àti àga ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ wọn!

Ní 1972 ọ̀rọ̀ náà wá yí sí ọ̀dọ̀ aláwọ̀ dúdú. Ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà kan, mugging, wọ inú ìwé ìròyìn ilẹ̀ yìí bí ẹni pé ìwà ọ̀daràn tuntun ti dé. Kò sí ohun tuntun níbẹ̀. Ní 1862 pàápàá, ìpayà bá àwọn ará Lọ́ńdọ̀n nítorí àwọn tí ń fún ènìyàn lọ́rùn gba owó lójú pópó. Stuart Hall, ọmọ Jamaica tó di ọ̀jọ̀gbọ́n pàtàkì ní ilẹ̀ yìí, àti àwọn mẹ́rin mìíràn kọ ìwé lórí rẹ̀ ní 1978, Policing the Crisis. Wọ́n fi hàn pé àsìkò tí nǹkan le ni a máa ń wá ẹni tí a ó di ẹrù lé lórí, ọmọkùnrin aláwọ̀ dúdú sì ni wọ́n rí.

Àwọn tiwa kò dákẹ́. Horace Ové, ọmọ Trinidad, ṣe fíìmù Pressure ní àárín àwọn ọdún 1970, òun sì ni fíìmù gígùn àkọ́kọ́ tí aláwọ̀ dúdú darí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó sọ ìtàn Tony, ọmọ tí wọ́n bí síhìn-ín, tó kàwé, tó ń wá iṣẹ́ tí kò rí i. Wọ́n fi fíìmù náà pamọ́ fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó jáde, nítorí pé ó fi ohun tí àwọn ọlọ́pàá ń ṣe hàn. Ní 1980 ni Babylon jáde, ìtàn àwọn ọmọ tí ń lu orin ní gúúsù Lọ́ńdọ̀n. Ìwé-àṣẹ X ni wọ́n fún un, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹni tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún kò gbọdọ̀ wọlé. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kò lè wo ìtàn ara rẹ̀.

Oṣù Kẹrin ọdún 1981 ni Brixton gbóná. Kí ó tó gbóná, láàárín ọjọ́ mélòó kan péré, àwọn ọlọ́pàá ti dá ènìyàn 943 dúró lójú pópó nínú ètò tí wọ́n pè ní Swamp 81, wọ́n sì mú 118. Kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń tú àpò ọmọ 943 yìí wò, nítorí iná kò jó níbẹ̀. Nígbà tí iná jó, kámẹ́rà dé, ẹ̀yìn asà àwọn ọlọ́pàá ni wọ́n sì ti sábà ń yàwòrán. N kò dá ẹni tó gbé kámẹ́rà lẹ́bi. Ta ni yóò fẹ́ kí òkò bà á? Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ṣe sí ẹni tó jókòó sílé: òkò ń bọ̀ wá sí ojú òun náà. Agbọ́ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ibi tí kámẹ́rà bá dúró sí, ẹjọ́ ẹni tó wà níbẹ̀ ló ń gbọ́.

Láti 1989 dé 1994, Desmond's wà lórí Channel 4, ilé onígbàjámọ̀ kan ní Peckham. Ẹ̀yin àgbà ẹ rántí rẹ̀, mo rí i lójú yín. Sean àti Gloria, àwọn ọmọ ilé náà, ń kàwé, wọ́n ń bá bàbá wọn jiyàn, wọ́n ń ṣe àwàdà. Kò sí ẹni tí ń sá fún ọlọ́pàá. Kámẹ́rà dúró ní ibi tí àlejò máa ń jókòó sí ní ilé ènìyàn.

Peckham tí mo dárúkọ yìí, tí àwa fúnra wa ń pè ní Èkó kékeré, ni ọkàn mi máa ń wà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2000, Damilola Taylor àti àwọn ará ilé rẹ̀ ti Èkó dé síbẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kọkànlá ọdún náà, wọ́n gún un lẹ́sẹ̀, ó sì kú. Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá kí ó pé ọdún mọ́kànlá. Kámẹ́rà ojú òpópónà, irú èyí tí a máa fi ń wá olè, ni ó ya àwòrán tí gbogbo ayé rí: ọmọ kékeré tó ń fò fẹ̀rẹ̀ kọjá lẹ́bàá ilé ìkàwé Peckham. Ọmọ ni gbogbo wa rí, a kò rí ẹgbẹ́ kankan. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìyẹn, Peckham di àwòrán kan ṣoṣo lórí tẹlifíṣọ̀n: àtẹ̀gùn òkùnkùn, ògiri eléèérí, ẹ̀yìn àwọn ọmọkùnrin. Ó di 2016 kí BBC tó ṣe eré Damilola, Our Loved Boy, tó sọ ìtàn náà láti inú ilé òbí ọmọ. Wunmi Mosaku, ọmọ Yorùbá, gba ẹ̀bùn BAFTA ní 2017 fún ipa ìyá tó kó nínú rẹ̀.

Ní oṣù Karùn-ún 2005, ilé ìtajà ńlá Bluewater ní Kent ní òun kò fẹ́ rí ẹni tó fi fìlà aṣọ bo orí mọ́, olórí ìjọba ìgbà náà, Tony Blair, sì ní ó dára bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà, aṣọ òtútù lásán di ẹ̀rí. Mo mọ ọ̀pọ̀ òbí nínú ẹgbẹ́ wa tí wọ́n ju irú aṣọ yìí nù nínú ilé wọn. N kò bá wọn jà. Ìfẹ́ ọmọ ló fà á. Ṣùgbọ́n mo máa ń béèrè lọ́wọ́ wọn pé ta ló kọ́ wọn láti bẹ̀rù aṣọ tí wọ́n fi owó ara wọn rà?

Fíìmù tó lo ẹ̀tàn kámẹ́rà tí ó sì tú u síta ni Attack the Block, tó jáde ní oṣù Karùn-ún 2011. John Boyega, ọmọ Yorùbá tó dàgbà ní Peckham, tó sì mọ Damilola, ni ó ṣe Moses. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ náà jáde láti inú òkùnkùn, aṣọ bo ẹnu, fìlà bo orí, wọ́n ja nọ́ọ̀sì kan lólè. Olùdarí, Joe Cornish, lo gbogbo nǹkan tí mo kà sílẹ̀ lókè, ẹ̀rù wọn sì bà wá. Nígbà tó kù díẹ̀ kí fíìmù parí, nọ́ọ̀sì kan náà wọ yàrá Moses, ó rí aṣọ ibùsùn Spider-Man, ó sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lórí fóònù bóyá ó ní àbúrò. Kò ní. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Moses fúnra rẹ̀. Mo ti fi apá yìí han àwọn ọmọ kíláàsì lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n máa ń dákẹ́ jẹ́ẹ́.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn fíìmù yìí ni rúkèrúdò oṣù Kẹjọ 2011 bẹ̀rẹ̀ ní Tottenham. Peckham náà gbóná. Iná tó jó lálẹ́ ni tẹlifíṣọ̀n tún fi hàn títí. Ní òwúrọ̀, àwọn ará àdúgbò lẹ ìwé pélébé pélébé mọ́ pákó tí wọ́n fi dí fèrèsé ṣọ́ọ̀bù kan ní Rye Lane, wọ́n kọ ìdí tí wọ́n fi fẹ́ràn Peckham sí i, títí tí pákó náà fi kún. Ta ló rántí ìyẹn?

Ní 2019, Rapman, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, gbé Blue Story jáde, ìtàn ọ̀rẹ́ méjì tí ìjà àdúgbò yà. Stephen Odubola ló ṣe Timmy, ọmọ jẹ́jẹ́ tó fẹ́ràn ìwé. Kò ju ọjọ́ kan lọ tó jáde tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní ilé sinimá kan ní Birmingham, ilé iṣẹ́ sinimá méjì sì yọ fíìmù náà kúrò. Lẹ́yìn tí àwọn ènìyàn pariwo, wọ́n dá a padà. Fíìmù tó ń sunkún lórí ọ̀bẹ ni wọ́n ṣe bí ẹni pé òun ni ọ̀bẹ.

Ẹ má bínú, àwa náà kò mọ́ pátápátá. Ẹ rántí àwọn fíìmù Yorùbá tí à ń rà ní fídíò ní Rye Lane àti Dalston láyé ọjọ́sí. Bí ọmọ bá ti Lọ́ńdọ̀n dé nínú wọn, ṣòkòtò rẹ̀ ti já sí ìdí, kò dọ̀bálẹ̀, ó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù lójú àgbà, orin òyìnbó sì ti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó wọlé. Kuleshov ni yẹn o, ní èdè Yorùbá. Àwọn òbí wò ó, wọ́n fi ojú yẹn wo ọmọ tiwọn, àwọn kan sì fi ọmọ ránṣẹ́ sílé kí ó tó ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Èyí tí mo fẹ́ kí gbogbo ìdílé wò ni Rocks, tó jáde ní ilẹ̀ yìí ní 2020. Theresa Ikoko àti Claire Wilson ló kọ ọ́, Sarah Gavron ló darí rẹ̀. Shọlá Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́, ọmọbìnrin kan ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀n, délé, ìyá rẹ̀ ti lọ, ó ku òun àti àbúrò rẹ̀ kékeré, Emmanuel. Kí wọ́n tó ya fíìmù náà, wọ́n jókòó ti àwọn ọmọbìnrin tó wà nínú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, wọ́n ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ àti ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Kámẹ́rà dúró ní déédéé ojú wọn. Apá kan nínú àwòrán náà ni àwọn ọmọ fi fóònù ara wọn yà. Bukky Bakray, tó ṣe Shọlá, gba ẹ̀bùn BAFTA ti òṣèré tuntun ní 2021, kò sì tíì ṣe fíìmù rí kí ó tó ṣe ìyẹn.

Ní aago mẹ́ta ọ̀sán yìí, ní yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn, àwọn ọmọ kíláàsì Yorùbá wa ti ọjọ́ Sátidé yóò fi fíìmù méjì hàn, ìṣẹ́jú kan péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ kan náà ló wà nínú méjèèjì, aṣọ kan náà ló wọ̀, láti ibùdókọ̀ ló ń rìn bọ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà wa níbí. Ibi tí kámẹ́rà dúró sí àti orin abẹ́ rẹ̀ nìkan ni wọ́n yí padà. Ẹ̀yin bàbá àti ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá jókòó, kí ẹ sì sọ fún àwọn ọmọ náà láìfi bò, èwo nínú méjèèjì ni ẹ lè ṣílẹ̀kùn fún.